Bí Àgbà Bá Ní "Olúwa Wí"

 

Olóòtú apá Yorùbá ìwé ìròyìn yìí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àbíkẹ́yìn mi, ló pè mí lórí fóònù pé kí n kọ nǹkan sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní ọgbọ́n àgbà." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Mo pé ọmọ ọdún 68 ní oṣù tó kọjá. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, mo sì máa ń wá awò ojú mi kiri nígbà tó wà lójú mi. Ìwọ̀nyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ogbó ti fún mi. Ní ti ọgbọ́n, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ díẹ̀.

Ní Warri níbí, tí mo ti ń gbé láti ọdún 1983, a mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwa Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Urhobo á ní "Migwo", ìyẹn ni pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀, àgbà á sì dá a lóhùn pé "Vrendo", kó dìde. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa. Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí ọjọ́ orí mi ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń bá mi jiyàn ń dín kù. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ẹnìkan á ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbo ló wà nínú Ìwé Mímọ́?" Ní báyìí, bí mo bá wúkọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń ṣàsọdùn. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá kí mi pé, lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ṣémù ọmọ Nóà ni Melkisédékì. Ẹnu olùkọ́ kan ni mo ti gbọ́ ọ ní ọdún 1979. Ó dùn létí mi, mo sì gbé e pamọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé wọn, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń wàásù pé, "Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, Ṣémù ni Melkisédékì." Gbogbo ilé ní àmín. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí "a ti mọ̀" yẹn ti wá. Ó yẹ kí n dìde. N kò dìde. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ogbó nìyẹn. Èrò ọmọdé, èrò ni gbogbo ayé ń pè é. Èrò àgbà kì í pẹ́ kó tó di òtítọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, á sì di òtítọ́ lójú àgbà náà fúnra rẹ̀. A máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà púpọ̀. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó pẹ́ jù síbì kan náà lè máa wo ògiri, kó sì máa pè é ní ayé.

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 12. Ẹ mọ ìtàn Rèhóbóámù. Ọba tuntun kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó gba ti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, ìjọba sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti wàásù rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ má tíì pa ìwé náà dé. Orí tó tẹ̀ lé e ni orí 13, a kì í sì í sábà wàásù ìyẹn níbi tí àwọn òbí bá pọ̀ sí. Ènìyàn Ọlọ́run kan ti Júdà wá sí Bẹ́tẹ́lì, ó jíṣẹ́ fún Jèróbóámù láìbẹ̀rù. Olúwa ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀, kò gbọdọ̀ mu omi, kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀nà tó bá wá padà. Ọba pè é sílé, ó kọ̀. Wòlíì àgbà kan wà ní ìlú náà. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì fún òun, ó lé ọkùnrin náà bá níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi, ó ní wòlíì ni òun náà, áńgẹ́lì sì ti sọ fún òun pé kí òun mú un padà wá jẹun. Bíbélì kò fi bò: irọ́ ló pa. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e padà, ó jẹun, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Ohun tí ọba kò lè fi ọrẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ewú orí ló gbà á.

Kí ló dé tí arúgbó náà fi parọ́? Ìwé Mímọ́ kò sọ. Mo rò pé ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn Olúwa kẹ́yìn, ó sì wù ú kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ jókòó sídìí oúnjẹ òun. Èrò tèmi nìyẹn o, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ó lọ gbé òkú ọkùnrin náà, ó sin ín sínú ibojì tirẹ̀, ó sọkún rẹ̀ bí arákùnrin, ó sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí òun náà bá kú, ẹ̀gbẹ́ egungun ẹni náà ni kí wọ́n sin òun sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó sọ á ṣẹ dandan. Ó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì ẹni tí òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe wòlíì Bẹ́tẹ́lì rí.

Ọdún 1997 ni. Ẹni tó bá mọ Warri nígbà náà kò ní bi mí bí ìlú ṣe rí. Wọ́n gbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ijaw àti Itsekiri. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ìjà náà sì ń rọlẹ̀ ó tún ń dìde títí wọ ọdún 2003. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 41, mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, mo sì jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan. Bùrọ̀dá kan wà láàárín wọn, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó kù díẹ̀ kó jáde. Ó fẹ́ fẹ́ sísítà kan, ọmọ Itsekiri, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Oritse ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọbìnrin náà, orúkọ tí àwọn Itsekiri ń pe Ọlọ́run. Ẹni tó bá sì fetí sí èdè wọn dáadáa á mọ̀ pé ìbátan wa ni wọ́n. Bùrọ̀dá yìí wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa bi Olúwa." Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó rẹ̀ mí, mo sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, NEPA mú iná lọ. Mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, mo ń ronú àwọn ilé tí wọ́n sun. Mo ń ronú ohun tí àwọn òbí ọmọkùnrin náà máa sọ bí ọmọ wọn bá kó sínú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí n má parọ́, mo tún ń ronú pé kí ló ṣe é tí kò rí ọmọ Yorùbá fẹ́. Mo wá kúnlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo to èrò mi sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run bí ẹni ń ka ìwé, mo ní àmín, mo dìde. Ní ọjọ́ kẹta mo ránṣẹ́ pè é, mo wò ó lójú, mo ní, "Olúwa ní rárá."

Ká ní mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, pé ìlú kò rójú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ì bá jẹ́, ìmọ̀ràn tó sì bọ́gbọ́n mu ni. Ó lè gbà á, ó lè kọ̀ ọ́. Ó lè dá mi lóhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ìlú á rójú." Ta ló fẹ́ bá Olúwa jiyàn? Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò pé oṣù kan tí sísítà náà kò wá sí ìpàdé mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Warri lọ́dún yẹn kan náà, mo sì gbọ́ nígbà tó yá pé ó ti lọ́kọ sí Sapele. N kò tíì fojú kàn án láti ìgbà náà.

Ó wá dùn mí pé lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gan-an ni Pọ́ọ̀lù ti fi hàn wá bó ṣe yẹ ká sọ̀rọ̀. Ẹ wo 1 Kọ́ríńtì orí 7. Ní ẹsẹ 10, ó ní àṣẹ Olúwa nìyí, kì í ṣe tòun. Ní ẹsẹ 12, ó ní tòun nìyí, kì í ṣe ti Olúwa. Nígbà tó sì di ẹsẹ 25, ó ní òun kò ní àṣẹ kankan láti ọ̀dọ̀ Olúwa lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun á sọ èrò ọkàn òun. Àpọ́sítélì ni! Ẹni tí a gbé lọ dé ọ̀run kẹta ṣì lè sọ pé èrò tòun ni. Èmi tí n kò kọjá Effurun lọ́sẹ̀ náà, "Olúwa ní" ló yá mi lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan á ti máa mi orí báyìí pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ẹ dúró ná. Odò Ọya kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Warri láàárọ̀, tó gba Asaba, á ti rékọjá afárá dé Onitsha kí oòrùn tó wọ̀. Ní Onitsha yẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó iṣẹ́ CMS lórí Odò Ọya. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884. Bíbélì yẹn ni ìyá mi fi kọ́ mi ní ìwé kíkà.

Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ìdajì tirẹ̀ ló dojú kọ ọ́ níbẹ̀. Graham Wilmot Brooke, tí ipa rẹ̀ lágbára láàárín wọn, jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Wọ́n ti tú iṣẹ́ bàbá náà yẹ̀ wò, wọ́n dá àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé lórí, àṣẹ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bíṣọ́ọ̀bù kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ẹ má ṣe rò pé aláìwà-bí-Ọlọ́run ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Wọ́n gbàdúrà ju èmi lọ. Wọ́n wọ aṣọ Haúsá kí wọ́n lè sún mọ́ àwọn tí wọ́n ń wàásù fún, Brooke sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún 1892. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ Crowther ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ní èrò kan nípa bí Kristẹni tòótọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí, wọ́n pe èrò náà ní òtítọ́, wọ́n sì fi lu arúgbó. Ó di ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí 150 ọdún tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, tó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ohun tí ìjọ wọn fi ojú rẹ̀ rí. Ó lé ní 120 ọdún lẹ́yìn tí bàbá ti sùn.

Ìgbóná ọkàn ló mú tiwọn, ẹ̀rù ló mú tèmi. Ìgbóná ọkàn wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́, ẹ̀rù wọ́pọ̀ lára wa tí a ti ní ohun tí a lè pàdánù. Méjèèjì ló sì mọ bí a ṣe ń wọ agbádá Olúwa. Jésù ní òun ni òtítọ́. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó le nínú rẹ̀. Bí òtítọ́ bá jẹ́ ẹnìkan, á lè bá mi wí. Á lè ní rárá fún mi. Ọlọ́run tó bá ń fara mọ́ gbogbo ohun tí mo rò, ó yẹ kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá èmi ni.

Oníwàásù 4:13 sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í kọ sára káàdì ọjọ́ ìbí àgbà: tálákà ọmọdé tó gbọ́n sàn ju àgbàlagbà ọba tó jẹ́ òmùgọ̀, tí kò mọ bí a ṣe ń gba ìkìlọ̀ mọ́. Àgbà tó wù mí láti jọ ni Básíláì ará Gílíádì, nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 19. Ọba Dáfídì ní kó wá máa bá òun jẹun ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní ẹni ọgọ́rin ọdún ni òun, òun kò mọ adùn oúnjẹ yàtọ̀ mọ́, òun kò gbọ́ ohùn akọrin dáadáa mọ́. Ó ní kí ọba jẹ́ kí òun padà sílé, kó sì mú Kímúhámù lọ dípò òun. Ó mọ ohun tí òun kò mọ̀ mọ́, kò sì tijú láti sọ ọ́ lójú ọba.

Èmi tijú. Ó lé ní ọdún 25 tí mo fi tijú. Mo máa ń rí bùrọ̀dá yẹn ní àpéjọ, á dọ̀bálẹ̀, màá súre fún un, màá sì yáa bi í nípa iṣẹ́. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, iyì mi á lọ, pé àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé èwo nínú "Olúwa ní" mi ni Olúwa sọ. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí ni.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, àwọn tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà kóra jọ ní Effurun. Òun náà wá láti Ìbàdàn. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Lẹ́yìn ìpàdé ó tẹ̀ lé mi dé ilé, ìyàwó mi gbé omi tútù fún un. Ó ní àkọ́bí òun obìnrin ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ọmọ Ijaw láti Bayelsa, ìyá rẹ̀ kò sì lè sùn mọ́. Ó wá sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa bi Olúwa."

Ẹ̀yin ará, díẹ̀ ló kù kí n ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọdún 1997. Olúwa kò bá mi sọ nǹkan kan nígbà yẹn. Èrò tèmi ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fi orúkọ Olúwa bò ó. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún. Ó pẹ́ kó tó la ẹnu, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọdún méje ni mo fi bínú sí Ọlọ́run." Kò ní òun bínú sí mi. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń kọrin, ṣùgbọ́n òun kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́, torí òun ti bèèrè ohun kan tí kò ní ẹ̀gàn, ó sì ní rárá láìsọ ìdí. Ó tún ní kí n má rò pé ìyàwó òun jẹ́ àṣìṣe. Mo ní mo mọ̀. Ẹlòmíràn á sọ pé ṣebí Ọlọ́run ti yí i sí rere, Róòmù 8:28 wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló lè fẹnu ara rẹ̀ kà á. Kì í ṣe ibi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń sá pamọ́ sí.

Ó wá bi mí pé, "Kí ni kí n sọ fún ọmọ náà?" Mo ní n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro lẹ́nu ẹni ọdún 68 ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo bi í bóyá ọmọkùnrin náà mọ Olúwa. Ó ní ọmọ òun sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo bi í bóyá òun ti bá a jókòó rí. Ó ní rárá. Mo ní, "Mo rò pé," mo sì dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà kó lè gbọ́ ọ dáadáa, "mo rò pé kí ẹ pè é wá jẹun."

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, kò dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́. N kò lè sọ bóyá ó ti dárí jì mí. Kò sọ, n kò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ọmọkùnrin náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ni àwọn Ijaw fẹ́ràn láti máa jẹ? Mo fi han ìyàwó mi. Ó ní kí n sọ fún wọn pé bí wọn kò bá mọ ọbẹ̀ ẹja tútù sè dáadáa, kí wọ́n má dán an wò, kí wọ́n kúkú gún iyán. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé èrò ìyàwó mi ni.